Lé Rùtúbà Jáde Nílé Rẹ

An-Nakkasah, Mẹ́kà,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, 1994.

Tawfiq ọmọ mi,

Inú mi kò dùn tí mo fi ń kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ kíra ná. Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó mi Kulthum ńkọ́? Bí ẹ bá ń bèèrè wa, a dúpẹ́, ooru ò tíì pa wá. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òkè yìí yan wá bí ẹran. Àmín.

Kásẹ́ẹ̀tì tí o fi rán Rashid awakọ̀ dé ọwọ́ mi. Mo kí ọ títí, o kò dá mi lóhùn, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ, ni mo fi ní kí n kúkú kọ̀wé. Nílé ńbí, kí ààwẹ̀ tó wọlé ni òjò ti rọ̀ kẹ́yìn, tí àgbàrá orí òkè wó ògiri ilé ìdáná wa. Láti ìgbà náà, oòrùn nìkan ni. Bí mo bá sá aṣọ kan, kí n tó sá èkejì, ti àkọ́kọ́ ti gbẹ. Rashid sì ní àwọn ará Táìfù lókè réré ń da aṣọ bora nítorí òtútù!

O ní ikọ́ fée ń dààmú Zakiya ọmọ rẹ, dókítà sì ní Rùtúbà ló fà á. O ní láti etíkun ló ti ń wọlé bá yín ní Jẹ́dà, tí gbogbo aṣọ yín á tutù. Tawfiq, ta ló ń jẹ́ Rùtúbà? Ìgbà wo lo fẹ́ ẹ? Irú obìnrin wo ní ń wọlé onílé kó máa da omi sí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ? Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé rẹ, ṣùgbọ́n Kulthum ló bímọ fún ọ.

Mo wo tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ Àlàájà Mabruka, aládùúgbò wa, mo sì gbọ́ tí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ dárúkọ rẹ̀. Ó ní Rùtúbà jẹ́ àádọ́rùn-ún ní Jẹ́dà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ní Mẹ́kà. Mo figbe ta. Ẹbí rẹ̀ ti gba gbogbo ìlú! Mabruka rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kì í ṣe ènìyàn, pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ òkun ni Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé ọ̀rinrin lórí tí wọ́n fi ń kà á ni?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo tún fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, mo sì gbọ́ èémí Zakiya lẹ́yìn ohùn rẹ, tó ń súfèé. Mo mọ ohùn yẹn. A kò sọ fún ọ rí pé o ní ẹ̀gbọ́n kan, Jelilat. Ọdún tí a fi ọkọ̀ ojú omi dé Jẹ́dà ni, àdúgbò Al-Mahjar tí o ń gbé yìí náà la wọ̀ sí. Bí àyà rẹ̀ ṣe súfèé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Ìlú yẹn la sin ín sí, ìdí nìyẹn tí a fi sá gun òkè yìí, tí mi ò sì fi ń wá kí ọ. Gbogbo ènìyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ohun tó pa á fún mi.

Ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe omi, Rùtúbà kò lágbára níbí, tẹlifíṣọ̀n ti jẹ́rìí sí i. Gbé Zakiya wá fún mi kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá. Fi owó fáànù dání, tiwa ti jóná. Bí owó kò bá sí, má dúró dè é, èmi àti bàbá rẹ á máa gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ara wa.

Ọlọ́run á lànà fún ọ, á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kò sì ní jẹ́ kí o mọ ohun tí mo mọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlàájà Munirah.