Ìtàn Ìgbésí Ayé Tíṣà Múrasílẹ̀, Ẹni Tó Máa Ń Fi Ọ̀sẹ̀ Kẹwàá Sílẹ̀ Lófìfo

Yàrá ẹ̀yìn ilé kan tó fara ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni a ti bí bàbá wa ọ̀wọ́n, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Tíṣà Múrasílẹ̀, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, ọdún 1953. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn, ìyá wọn sì ń yan búrẹ́dì. Káfíńtà ni bàbá tó bí bàbá wọn pẹ̀lú. Òun ló wọn ilẹ̀kùn kan lẹ́ẹ̀mẹta, tó bá oníbàárà jiyàn lórí ìwọ̀n náà, tó sì wá gé e kúrú. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wọ ìdílé wa, kò sì tíì jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níwájú òkú: ojo ni bàbá wa. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ọmọ náà kò ké nígbà tó wáyé. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kó tó wá fi igbe ta. Nígbà tí wọ́n ń dàgbà, wọ́n bẹ̀rù ajá, wọ́n bẹ̀rù ààrá, wọ́n sì bẹ̀rù ajá tí ààrá bá lé wọlé.

Ní ọdún 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1962, olùkọ́ pè wọ́n síwájú pátákó pé kí wọ́n pín ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin sí ọ̀nà mẹ́jọ. Wọ́n mọ ìdáhùn. Ẹnu ni kò là. Wọ́n dúró gbagidi títí aago fi lù, omi gbígbóná sì ń gba inú ṣòkòtò wọn bọ́ sínú bàtà. Odidi sáà kan ni àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń kọrin rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n búra pé àwọn ò ní dúró síwájú pátákó mọ́ láyé.

Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi dúró síwájú pátákó. Ní ọdún 1975 tí wọ́n jáde nílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí bàbá wọn bi wọ́n léèrè ohun tó gbé wọn dé ìdí iṣẹ́ náà, wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan tó mọ bí ẹ̀rù ṣe ń rí mú ṣọ́ọ̀kì dání.

Ní ọdún 1979 ni wọ́n gbé ìyá wa, aránṣọ pàtàkì, níyàwó. Bí ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ obìnrin kọ́ ni wọ́n fẹ́ wọn. Wọ́n fi rúlà fa ìlà sórí tákàdá, wọ́n kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún sí i, ohun tí wọn yóò bá ìyá wa sọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀. Tákàdá náà já bọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ìyá wa ṣà á, wọ́n kà á, wọ́n sì bèèrè pé, “Kí ni ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá? Ẹ ò kọ nǹkan kan síbẹ̀.”

Bàbá ń làágùn. “Mi ò mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni mo fàyè ẹ̀ sílẹ̀ fún.”

“Ó dáa,” ni ìyá wa wí. “Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni kí ẹ wá rí bàbá mi.”

Báyìí náà ni Bàbá ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́. Ìgbà ìsinmi ni wọ́n máa ń jókòó sídìí tábìlì ìgéṣọ ìyá wa pẹ̀lú ìwé ètò gbàgìdì kan, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nítorí wọ́n ní bí aránṣọ ò bá mọ ibi tí ìṣẹ́tí máa wà, kò gbọdọ̀ mú àlùmọ́gàjí. Ìdánwò yóò wà ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ti áljẹ́brà, níbi tí a ti ń wá iye tó fara pamọ́. Ìkeje sí ìkẹsàn-án jẹ́ ti sìtatísíìkì, níbi tí a ti ń kó iye jọ kí á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìkíní sí ìkẹfà jẹ́ ti jiọ́mẹ́tìrì, ti igun àti ìlà. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, òfìfo. Wọn a wá da gbogbo rẹ̀ kọ, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíláàsì, kí ọmọ kankan má baà jí lọ́jọ́ kan kí ẹ̀rù ohun tó ń bọ̀ máa bà á.

Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2010, dókítà sọ fún wọn pé ọkàn wọn ti ń rẹ̀, pé kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n má sì gun àtẹ̀gùn rárá. Àjà tó ga jù lọ ni kíláàsì wọn wà, àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́ta. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún tó ṣáájú, olùkọ́ físíìsì ṣàìsàn láàárín sáà, kò sí arọ́pò, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe ìdánwò àṣejáde, mẹ́ta péré ló yege. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà níwájú bàbá wa lọ́dún yẹn. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá gbọ́, ilé ni wọn yóò lé wọn lọ sinmi, kíláàsì á di ti aláìníbaba. Nítorí náà, ìyá wa nìkan ni wọ́n sọ fún.

“Bàbá wọn, ẹ̀mí ò láàrọ̀ o,” ni ìyá wa wí.

“Kíláàsì yẹn náà ò láàrọ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ti ń fetí sí mímí Bàbá bí ẹni ń fetí sí omi tó ń kán nínú àjà. Bí Bàbá bá wúkọ́ ní bálùwẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ á dákẹ́.

Ní gbogbo àárọ̀ Ajé, Bàbá a máa ka iye àtẹ̀gùn tí wọ́n gùn kí èémí tó ní kí wọ́n dúró. Wọn a sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé ètò, nítorí ẹni tó ń ṣètò gbọ́dọ̀ mọ iye tó kù lọ́wọ́ òun. Wọn kò kọ ohun tí iye náà jẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀. Bàbá jókòó sinmi ní àjà kejì, wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn láti nu òógùn, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣètò láti kọ sí pátákó ni iye àwọn tó ń pẹ́ dé ilé-ìwé láàárọ̀ Ajé, tí aṣọ́gẹ́ètì bá wọn kó jọ. Ojú ìwé kan náà ni èyí àti ti àtẹ̀gùn wà. Ojú wọn ò rí i dáadáa. Wọ́n kọ 39, 36, 34, 30, 26, 24, 21, 18, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ya gíráàfù rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Apẹ́lẹ́yìn, torí kò sí ibi tí kì í pẹ́ dé. Òun ló jáde síwájú. Ó gbé rúlà lé àwọn àmì náà, ó sì fa ìlà láti òkè wá sísàlẹ̀.

“Sà, àwọn tó ń pẹ́ ń dín kù ni. Bíi mẹ́ta-mẹ́ta ni lọ́sẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bá ara wọn sọ ọ́. Tó bá ń lọ báyìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, òdo. Kò ní ku ẹnì kankan.”

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Apẹ́lẹ́yìn, ìwọ lo máa kẹ́yìn wọn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu tábìlì.

Bàbá súnmọ́ pátákó. Wọ́n wo àwọn iye náà kínníkínní. Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ wọn lọ́wọ́. Àmọ́ olùkọ́ ni wọ́n, ìṣirò ọmọ náà sì tọ́. Wọ́n fún un ní máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó ti abọ́ oúnjẹ títí ó fi tutù, wọ́n sì sọ fún ìyá wa pé, “Ọmọ kan ti bá mi ṣírò ẹ̀.”

Apẹ́lẹ́yìn nìkan ni ìṣirò náà kò tẹ́ lọ́rùn. Òun gan-an wà lára àwọn tó pẹ́ lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, wọn ò sì ju mẹ́jọ lọ. Ibo ni méjìdínlógún ti wá? Ní Ajé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó tún pẹ́. Ó bọ́ bàtà dání, ó ń yọ́ gun àtẹ̀gùn, ó sì gbọ́ ohùn Bàbá lókè tí wọ́n ń ka iye wúyẹ́wúyẹ́. Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohùn náà dúró. Èémí tó ń fọn bíi fèrè ló kù. Lórí ìlà tí òun fúnra rẹ̀ fà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó kàn. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà náà dé òdo, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sọ ohun tó gbọ́ fún gbogbo kíláàsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìjáde, àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà gbé tábìlì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, pátákó, àti ilẹ̀kùn kíláàsì, nítorí pé ètò wà lẹ́yìn rẹ̀, sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ìkẹ́rùsí tí a ń kó bọ́ọ̀lù àti nẹ́ẹ̀tì sí nísàlẹ̀. Wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lójijì, ọ̀gá ilé-ìwé yọ sí wọn.

“Ta ló fún yín láṣẹ?”

Apẹ́lẹ́yìn na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà. Wọ́n ti kọ ọ́ sí àyè òfìfo: Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, a ó kó wá sísàlẹ̀. “Ó wà nínú ètò, sà.”

Àwọn ọmọ rò pé ọ̀gá máa bínú. Ṣe ni ọ̀gá jókòó sórí bọ́ọ̀lù. Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì wọn, wọ́n ti ń rí Bàbá láti ọ̀sẹ̀ kejì, bí wọ́n ṣe ń di irin àtẹ̀gùn mú. Wọn ò bèèrè, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á gbọ́ ìdáhùn, wọn ò sì ní arọ́pò. Wọ́n dìde, wọ́n ní, “Ẹ sún pátákó yẹn sí òsì. Ìmọ́lẹ̀ ò dé ibẹ̀.”

Síbẹ̀ ẹ̀rù ò tán. Ní àárọ̀ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ìyá wa tẹ̀ lé Bàbá dé gẹ́ètì, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Nínú yàrá ìkẹ́rùsí, kò sí ẹni tó wúkọ́. Àwọn ọmọ ń wo àyà Bàbá ju pátákó lọ. Bàbá kọ́ áljẹ́brà fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí aago lù tí wọn kò tíì ṣubú, wọ́n nu pátákó, wọ́n sì kọ gbólóhùn kan sí i: “Ìlà máa ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣe nǹkan kan.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá, oríṣi mẹ́rìnlá. Kíláàsì ṣe hàà. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ara Bàbá ti ń yá nìyẹn.

Nínú ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló yege. Ẹnì kan tó kùnà ni Apẹ́lẹ́yìn. Ó pẹ́ dé ìdánwò. Ó tún un ṣe lọ́dún kejì, ó sì yege. Bàbá fúnra wọn ló lọ jí i nílé.

Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá nígbà ìsinmi, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́, nísàlẹ̀, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2013. Onígbàgbọ́ òdodo ni wọ́n: nínú ilé àdúrà, ìjókòó tó kángun sí ilẹ̀kùn ni tiwọn, wọ́n sì bẹ̀rù Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rù gbogbo nǹkan yòókù. Ní àdúgbò, àwọn ló kan ọwọ́-ìdìmú igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ilé gbogbo arúgbó tó wà ní òpópónà wa, láìgba kọ́bọ̀.

Apẹ́lẹ́yìn di olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé kan náà, nínú yàrá ìkẹ́rùsí yẹn. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń wá sílé wa kí òun àti Bàbá lè jọ wo ètò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, Bàbá sùn lórí àga wọn, wọn ò sì jí mọ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n. Ìwé ètò wà lórí itan wọn. Ọjọ́ méjì ni a fi ń yí i po, kò sẹ́ni tó láyà láti ṣí i, nítorí ìyá wa rí i pé wọ́n tún ti ń fi pẹ́ńsù kọ iye sí etí rẹ̀. A rò pé wọ́n ti ń ka nǹkan kan tó ń tán lọ, tí wọn ò sọ fún wa. Níkẹyìn, ìyá wa ṣí i. 40, 40, 45, 40. Iye ìṣẹ́jú tí Apẹ́lẹ́yìn fi ń pẹ́ dé ilé wa ni. Kò dín kù rárá.

Nígbà tí a jókòó láti mú ọjọ́ ìsìnkú, àbúrò Bàbá, káfíńtà, ní kí á sún un di oṣù tó ń bọ̀. Apẹ́lẹ́yìn ló gbé ìwé ètò náà síwájú wọn. Ó ní, “Bàbá kékeré, ẹ má bínú. Bí a bá sún un, àárín áljẹ́brà ni a máa sin wọ́n. Wọn ò ní gbà.” Gbogbo wa tẹjú mọ́ ìwé. Jiọ́mẹ́tìrì ti parí. Sìtatísíìkì máa parí lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Òní tí a péjọ yìí, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá, ni Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Àwọn ọmọ kíláàsì Apẹ́lẹ́yìn wà láàárín wa. Wọn ò pàdánù ẹ̀kọ́ kankan.

Bàbá fi ìyá wa sílẹ̀ sáyé, àti àbúrò kan, ọmọ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, oníná, àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fúnra wọn ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé méjìlá. Apẹ́lẹ́yìn ṣèlérí pé òun máa tètè dé òní. À ń retí rẹ̀.

Ẹ sùn ire, Bàbá. Kò sí àtẹ̀gùn lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ. A ti bá yín yẹ ilẹ̀kùn wò. Ó wà ní ṣíṣí.