Òkúta Fàdákà Tí Làmídì Yọ́

Ọ̀jọ́, Sátidé, 1976

Mo lu Làmídì lónìí títí eyín rẹ̀ méjì fi bọ́ sílẹ̀ nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Okokomaiko.

Òkúta tí mo gbé wá láti ibi ìwakùsà àtijọ́ ní Abakaliki, tí fàdákà hù lára rẹ̀ bí irun, ni mo ní kó bá mi wọ̀n. Wíwọ̀n lásán! Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni. Lójú tèmi, bí fàdákà yẹn ṣe hù lára òkúta gan-an ni iyì rẹ̀; lójú tiẹ̀, ìdọ̀tí ni òkúta.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ nawọ́.” Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ki òrùka tuntun bọ̀ mí níka ọwọ́ ọ̀tún. “Mo ti bá yín yọ́ ọ. Mi ò gba kọ́bọ̀.”

Mo rí èéfọ́ òkúta mi nílẹ̀.

Sójà kan ló fà mí kúrò lára rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí. Ọ̀tún ti wú. Mo fi ọṣẹ pa á, mo fi òróró pa á, òrùka náà ò bọ́.