Bàtà Lọ́wọ́ Nínú Ilé Labalábá

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ilé tí mo ń kí yín sí mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ilẹ̀ ibí tutù, ẹ jẹ́ kí n tètè dìde. Ẹ bá mi kí àbúrò yín tó gbà yín sílé ní Ugbonla, àti Tọ́pẹ́ àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí nínú ìwé ìròyìn, tí yóò sì máa bú mi láàárín rẹ̀.

Ara mi le. Ọmọ apẹja tó kàwé ní pólì ti di ẹni tó ń to ẹja dídì sínú páálí. Ẹja náà le bí òkúta, àmọ́ ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn líle. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Oòrùn máa ń yọ níbí, ṣùgbọ́n bí àwòrán ni. N kò mọ ẹni tó ń gbé yàrá kejì. Ikọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí ilé labalábá fún ìgbà àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ́lé fún labalábá, gíláàsì látòkè délẹ̀, wọ́n sì ń mú un gbóná tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rọ tó yẹ kó mú yàrá tèmi gbóná ti kú kí n tó dé. Wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú ló ń kó wọn wá láti ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n máa padà sílé.

Bí mo ṣe wọlé, ooru bò mí lójú. Òórùn ewé tútù àti ẹrọ̀fọ̀ bá mi nímú, bí ẹ̀yìn ilé wa lẹ́yìn òjò. Afárá pákó kékeré kan wà lórí omi níwájú mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, mo kó wọn dání. Ẹ kò ní bi mí pé kí ló dé. Bàbá, kí wọ́n tó kú, ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà gun afárá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn dé ẹnu ọ̀nà wa ní Abereke. Wọ́n ní bàtà máa ń yọ̀ lórí pákó tútù, ẹsẹ̀ lásán ló mọ ibi tó ti jẹrà.

Ìyá àgbà kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wá bi mí bóyá ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ní rárá, pé nílé ìyá mi, a kì í wọ bàtà lórí afárá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó yé òun, àmọ́ ibí yìí kì í ṣe ilé ìyá mi, kí n jọ̀ọ́ wọ bàtà mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ pè mí pé òkun ti dé ẹsẹ̀ òpó ilé ìdáná, pé ẹ fẹ́ kó lọ, kí n jọ̀ọ́ wá, ì báà ṣe ọjọ́ méjì, ká jọ rìn jáde. Mo ní ọ̀gá mi kò fún mi láyè. Ẹ kò bínú. Ẹ gbàdúrà kí Ọlọ́run rọ ọkàn rẹ̀. Ìyá mi, ọ̀gá mi ti fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó pè. Ó tiẹ̀ bi mí bóyá ilé ni mò ń lọ. Ẹ̀rù ló bà mí láti rí omi níbi tí a máa ń tẹ́ ẹní sí, mo wá fi ìsinmi náà wo labalábá.

Tọ́pẹ́ ló padà sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ jáde kẹ́yìn, pẹ̀lú sálúbàtà lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò ní kí ẹ wọ̀ ọ́, ṣebí ilé ọ̀hún ti parí. Ẹ ní òkun ló gba ilé, kò tíì gba òfin ọkọ yín. Èmi òmùgọ̀ ti fi fọ́tò labalábá ránṣẹ́ sí Tọ́pẹ́, ló bá bi mí bóyá àwọn labalábá tí mo lọ kí dípò ìyá wa dáhùn ìkíni mi dáadáa.

Nígbà tí mò ń jáde lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà yẹn ní kí n dúró níwájú dígí. Wọ́n máa ń yẹ ara èèyàn wò, kí labalábá má baà tẹ̀ lé e bọ́ sínú òtútù kó sì kú. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní kò sí ohunkóhun lára mi, kí n máa lọ. Mo tún yí ẹ̀yìn sí i, mo ní kó wò ó dáadáa.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ má gbàdúrà fún ọ̀gá mi mọ́, èmi ni kí ẹ máa gbà á fún. Kí ilé tuntun tù yín lára, kí ẹsẹ̀ yín má yọ̀ níbẹ̀. Ẹ kí gbogbo ará Abereke tó kù. Òkun nìkan ni n kò kí.

Èmi ni ọmọ yín, tí wọ́n fún láyè, tí kò wá,
Fẹ́mi