Fáàfù Mẹ́jọ Inú Kiréètì Ẹyin

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Dúrójaiyé,
Sàngó-Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ìníolúwa, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o ń lọ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Oúnjẹ ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń bá ọ lára mu? Joy àbúrò rẹ sọ fún mi pé wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo yín ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì yẹn títí ẹ ó fi parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ó ní òun ń bọ̀ wá wò ọ́ ní Sátidé, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Àwa náà wà. Bàbá mi wà, ojú wọn nìkan ló túbọ̀ ń ṣú. A dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n orí mi ti dàrú, ọ̀rẹ́ mi. O mọ ọkọ̀ Fijó 504 Bàbá, tó ti wà lójú kan láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀wálé fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tó wà, ó sì ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ ibi tí irin àlòkù ń lọ ní Ọ̀tà níbí, inú iná ni. Ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé ìyá mi lọ bí mi, òun ni wọ́n fẹ́ lọ yọ́! Bàbá ò bá a jà. Wọ́n kàn ń lọ jókòó sí àyè dírẹ́bà láràárọ̀, wọ́n á sì di sítíárì mú. Ara mi ò gbà á. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi pé èmi yóò tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, n ó sì tún un tò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, bí ó bá ti jí kí Sátidé yìí tó dé, kí ọkọ̀ máa wà níbẹ̀. Bí kò bá jí, lọ́rì àwọn onírin ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé.

Mo tú u, Ìníolúwa. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ èmi àti ìwọ nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ṣe. Mo gbé iṣẹ́ lọ fún Ọ̀gá Fàósátù tó ń gbẹ́ irin ní Sàngó, ó bá mi gbẹ́ inú sìlíńdà, àwọn ihò tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò, ó sì ha ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, kó lè tẹ́jú. Mo ra písítìnì tuntun, ríìngì tuntun tó ń dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àwọn irin tó ń ṣí ọ̀nà atẹ́gùn tó sì ń dí i, ọwọ́ ara mi ni mo fi lọ̀ wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan lórí ìjókòó tirẹ̀, ìyẹn ojú ihò tó ń dé. O ṣáà mọ̀ pé ìjókòó tí a bá ti lọ fáàfù mọ́ ló ń bá a mu, bí a bá gbé e sórí òmíràn, atẹ́gùn á máa yọ́ jáde. Kí wọ́n má baà pòpọ̀, mo tò wọ́n sínú kiréètì ẹyin, mo fi bírò kọ nọ́ńbà síwájú wọn, mo sì fi epo pa wọ́n lára kí wọ́n má dógùn-ún. Mi ò lè gbé wọn síta. Àwọn tó ń ṣa irin kiri àdúgbò wa, ìdérí ìkòkò tí a sá sórí ògiri pàápàá, wọ́n gbé e lọ. Inú pálọ̀ ni mo kó wọn sí, lábẹ́ tábìlì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo tò ó tán, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ń yí, kò jí. Ó kàn ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo yá géèjì tó ń wọn bí atẹ́gùn ṣe ń tẹ̀ pọ̀ tó nínú sìlíńdà, mo dé e sójú ihò púlọ́ọ̀gì. Ó yẹ kó sún mọ́ àádọ́jọ. Sìlíńdà kìíní fún mi ní ọgọ́ta, ìkejì àádọ́ta, àwọn méjì tó kù ò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n ò sí! Atẹ́gùn tó yẹ kí písítìnì tẹ̀ pọ̀ ń gba ibì kan sá lọ. Mo da epo díẹ̀ sínú sìlíńdà, nítorí bó bá jẹ́ ríìngì ló ń jò, géèjì á gòkè. Kò gòkè. Mo wo táímìnì, ìyẹn àkókò tí fáàfù ń ṣí tó sì ń dé, lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tó ṣe é. Ìníolúwa, kí ló kù?

Mo bá rò ó pé Fàósátù ló ha nǹkan mi wọ́. Lánàá, mo tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, mo gbé e sórí ọ̀kadà, mo lọ bá a. O mọ ẹnu mi. Lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo ti pè é ní bàṣejẹ́. Kò tilẹ̀ bínú. Ó gbé irin gbọọrọ lé ojú tọ́ọ̀pù náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní kí n dojú rẹ̀ sókè kí n da bẹntiróò lé orí àwọn fáàfù, kí n wo bóyá yóò jò. Mi ò dúró gbọ́ ọ. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ló ń dùn mí: "Jemimah, lọ bi ilé rẹ."

Kí ni kí n bi ilé? Ta ló wà nílé ju èmi àti Bàbá lọ? Mo gba ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti ń tán lọ. Jẹ́ kí n dúró ná, òjò ti ṣú, aṣọ wà lórí okùn.

Ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀rẹ́ mi, mo tún dé. Mo fẹ́ fa lẹ́tà àkọ́kọ́ ya, mo ní rárá, jẹ́ kí o rí wèrè tí mo ya.

Láàárọ̀ àná, mo gbé ìgbéraga sílẹ̀, mo da bẹntiróò lé fáàfù lórí. Ó ń kán tó, tó, tó. Mẹ́fà nínú mẹ́jọ ló ń jò! Ó tún wá rú mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí èmi fúnra mi ni mo lọ̀ wọ́n. Mo yọ wọ́n, mo ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ìwé tí kò lè kà. Bàbá wá jókòó tì mí lórí àpótí. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọ̀kan. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yípo, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ó ṣì mọ́," ni wọ́n wí. "Ṣé o ò mọ̀ pé mo bá ọ fọ̀ wọ́n?"

Mo bi wọ́n pé nígbà wo. Wọ́n ní Sọ́ńdè tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Agbára ni. Ìpàdé ìdàpọ̀ ilé ti ìjọ wa kan pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà, wọn ò sì fẹ́ kí àwọn ará fẹsẹ̀ tẹ nǹkan mi. Bàbá gbé kiréètì, ọwọ́ wọn kan epo tí mo fi pa fáàfù lára, wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú báàfù, wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì ara wọn nù wọ́n gbẹ, wọ́n sì tò wọ́n padà. Nọ́ńbà tí mo kọ, ojú wọn ò rí i.

"Mẹ́jọ ni wọ́n," ni Bàbá wí. "Mo kà wọ́n. Ìkankan ò sọnù."

Ìníolúwa, láti Mọ́ńdè ni inú ti ń bí mi tí mi ò rí ẹni tí n ó gbé e lé lórí. Ẹni náà ló jókòó tì mí yìí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ dé ètè mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo gbé e mì. Mo ní ẹ ṣeun, Bàbá. Lẹ́yìn náà mo sá wọ ilé ìdáná, mo sunkún díẹ̀, mo tún jáde.

Mo sọ fún wọn pé àwọn fáàfù ò tíì jókòó dáadáa, kí wọ́n bá mi lọ̀ wọ́n sí i. Dírẹ́bà ọgbọ̀n ọdún, tó máa ń tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ìdíròkó, ta ni mo fẹ́ kọ́? Wọ́n gba igi ìlọfáàfù, wọ́n ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Iṣẹ́ yẹn ò fẹ́ ojú. Etí ni wọ́n fi ń ṣe é: bó bá ń dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó kù, bí ìró rẹ̀ bá tutù, ó ti tó. Bàbá lọ mẹ́rin, èmi náà lọ mẹ́rin. Mo sì fi irin lu àmì sí ìkọ̀ọ̀kan lára, àmì tí ọwọ́ lè mọ̀.

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán òní, géèjì kọjá ogóje. Bàbá ló yí kọ́kọ́rọ́ fúnra wọn. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jí. Èéfín bo gbogbo ojúde, Bàbá ò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó pe àwọn onírin pé kí wọ́n má wá mọ́. Ó bi mí pé kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo ní fáàfù ni.

Mo ti lọ bá Ọ̀gá Fàósátù. Lójú àwọn oníbàárà náà ni mo ti kúnlẹ̀. Kò bá mi wí, ó kàn bi mí bóyá mo ti bi ilé. Mo ní mo ti bi í.

Kí Ìyá rẹ fún mi nígbà tí ẹ bá ríra, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Joy, ó ti ń dúró de lẹ́tà yìí láti ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Bàbá ti sọ fún gbogbo òpópónà pé bí kì í bá ṣe pé àwọn fọ fáàfù wọ̀nyẹn, ẹ́ńjìnnì ì bá má jí. Bí o bá dé, wọ́n á sọ fún ọ náà. Jọ̀wọ́, má wo ojú mi. Kí o ṣáà sọ pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

Èmi tìrẹ, tí epo ò tíì tán léèékánná rẹ̀,
Jemimah Àríyọ̀.