Ọkọ̀ Tó Ń Yà ní Abúlé Wa

Eilert àbúrò mi,

Mo kí ìwọ àti Doris ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ti lọ sílẹ̀? Orúnkún Sverre ọkọ mi ti ń san.

Ẹ ṣé gan-an fún owó tí ẹ fi ránṣẹ́ fún ìrìn àjò ojú omi inú fíọ́ọ̀dù, apá òkun tó wọ àárín àwọn òkè. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ méjì la yẹ̀ wò. Ọkọ̀ ti àkọ́kọ́ tóbi bí àdúgbò, ó tún ní odò ìwẹ̀. Sverre ní, "Torbjørg, omi yí wa ká, wọ́n tún bu omi sínú ọkọ̀?" Mo bi ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ń yà ní abúlé wa tí wọ́n ti bí wa. Ó ní, "Rárá, màmá, èbúté yẹn ò gba ọkọ̀ wa." Ti èkejì kéré, ṣùgbọ́n ó ń yà níbẹ̀. Òun ni mo mú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: ibùsùn mẹ́ta ni mo gbà, ìkẹta jẹ́ tìrẹ, owó yín sì ká a. Àìsàn ni kò jẹ́ kí o wá sìnkú Màmá, ẹnikẹ́ni ò bínú sí ọ. Wá ní oṣù karùn-ún, ká jọ lọ sí ibojì rẹ̀ ní abúlé.

Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀. Jọ̀wọ́, mú ohun tí wàá fi dí etí dání, torí Sverre ń hanrun.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Torbjørg