Àwòrán Eku Kẹrin

Ọjọ́bọ̀, Zawan

Rahmat fi àwòrán eku kẹrin hàn wá ní láàbù lónìí. Èérún tójú ò lè rí, tí wọ́n di oògùn jẹjẹrẹ sí nínú, ń tàn yòò nínú kókó itan rẹ̀. Kò yà síbòmíràn. Ọ̀gá yìn ín, wọ́n ní, "Madalla, Rahmat." Ta ló ń bọ́ eku yẹn bí kì í bá ṣe èmi?

Mo bínú délé. Mo rò pé Rahmat ni mò ń jowú.

Màmá tú síkáàfù, kí n bá wọn fi àdí àgbọn pa orí tí irun ti re tán. Oògùn jẹjẹrẹ tiwọn máa ń kárí gbogbo ara kó tó dé ọyàn tó ń dùn wọ́n.

"Ṣé àwọn eku ẹ ti jẹun?"

Mo ní wọ́n ti jẹun. N ò sọ fún Màmá pé irun eku kẹrin ṣì pé, ó sì ń dán.