Nípa Yàkúbù Tí O Fi Sílẹ̀ Létí Odò

Tolúwaṣẹ, ọmọ mi,

Alàgbà Oyèdélé, alága ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ní Narayi, bàbá Fẹ́yìsayọ̀ tí o fẹ́ fi ṣe aya, ti kéde níwájú gbogbo wa pé eré orí tẹlifíṣọ̀n ni dígí tí Elédùmarè gbé síwájú ọmọ aráyé ní ọ̀rúndún yìí, àti pé ẹni tó bá wo ìparí eré yín, Ẹsẹ̀ Mẹ́rin Lójú Ọ̀nà, tí ọkàn rẹ̀ kò yí padà, kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òkúta ni. Orí ìdúró ló wà nígbà tó sọ ọ́, ó fi ọwọ́ kan ká agbádá sí èjìká, ẹran sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé, nítorí kò pé wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí ọkàn tirẹ̀ yí padà lóòótọ́. Ó yí kúrò lẹ́yìn rẹ.

Ṣé dáadáa ni Èkó? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa ń bẹ ní Ungwan Boro níbí, tí ìwọ máa ń pè ní abúlé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, bí ẹni pé inú igbó ni a bí ọ sí. Ibi tí orí rẹ kò bá ti bá ọ dé, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ débẹ̀. Ìyá rẹ wà ní àlàáfíà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń bá òjò jà. Òjò ọjọ́ Ẹtì kan ló wó ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ni ewúrẹ́ aládùúgbò bá wọlé, ó sì jẹ ìwé ìtàn ìgbésí ayé mi tí mo ń kọ lọ́wọ́, láti ojú ìwé kìíní títí dé ibi tí mo ti di ọ̀gá ilé-ìwé. Bó ṣe jẹ ẹ́ láìsinmi yẹn, mo gbà pé òun nìkan ni yóò kà á dé ibẹ̀ láyé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni ìparí sáà eré yín. Ilé Alàgbà ni a ti wò ó, nítorí àpótí kékeré tí o rà fún wa pé ká máa fi wo tẹlifíṣọ̀n ti kọ̀wé sójú rẹ̀ pé ká lọ rí aṣojú àwọn tó ni ín. Mo wọ aṣọ, mo lọ rí aṣojú. Mo ní wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní kí n mú nọ́ńbà káàdì wá. Mo ní èmi kò bẹ̀rù ìpè, ohun tí mo ṣẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ. Ó ní bàbá, ẹ máa bọ̀ lọ́la. Mo rò pé wọ́n ti dá mi láre, àfi bí mo ṣe délé tí ìwé náà ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ìyá rẹ ṣe wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Narayi láti agogo méjì. Agogo mẹ́rin ni eré, ṣùgbọ́n Alàgbà ní ètò wà. Ètò sì wà ní tòótọ́. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ wà, wọ́n to àga mẹ́rin síwájú fún àwọn ọlọ́lá, wọ́n sì fi àwa òbí rẹ sí ọwọ́ ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n, bí ìgbà tí wọ́n ń so yìgì. Ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko ni Alàgbà ti ń pè ọ́ ní ọmọ òun. Ó ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí ẹ̀bùn náà lára rẹ, nígbà tí o ń pín omi fún àwọn àgbà níbi ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ̀bùn omi pípín ni, èmi náà rí i.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ìwọ àti Yàkúbù, ẹlẹ́wọ̀n méjì tí ẹ ti ń sá fún ọlọ́pàá láti ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ dé etí odò. Ẹsẹ̀ Yàkúbù ti ṣẹ́. Ajá ọlọ́pàá ń gbó bọ̀ lẹ́yìn. Yàkúbù di ọwọ́ rẹ mú, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ni arábìnrin kan bá jáde, ó ń polówó èròjà ọbẹ̀ fún wa fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹlẹ́wọ̀n wà nínú omi, òun ń sọ bí ọbẹ̀ ṣe ń ta sánsán. Nígbà tí eré padà dé, o tú ìka rẹ kúrò nínú ti Yàkúbù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kà á, márààrún ni. O gun òkè odò. Ìyá rẹ dìde, pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé padà, Tolú, padà lọ mú un, ṣé o kò rí i pé kò lè rìn ni. O dúró. O yí ọrùn díẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, tí orúkọ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí èèrà lára ògiri: ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó wa ọkọ̀, ẹni tó ran ṣòkòtò. Kò sí ẹni tí wọn kò dárúkọ. Bóyá o padà ni wọn kò sọ.

Wọ́n ní sáà ti parí. Mo fi ọdún mẹ́tàdínlógójì kọ́ni, bí sáà bá parí, a máa ń fún ọmọ ní èsì ìdánwò rẹ̀. Olùkọ́ tó bá ní kí òbí lọ, kí wọ́n wá gba èsì lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ti gbé àga rẹ̀ síta kó tó parí ọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ pàápàá, bí sáà bá parí, á ní ohun tó gbé wálé. Ẹ̀yin fi ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá kó wa rin igbó, ẹ wá já wa sílẹ̀ láìsọ ibi tí a dé, ẹ sì ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ ní pálọ̀ Alàgbà. Òun fúnra rẹ̀ kò yí ojú sí wa. Ó bi ẹni tó jókòó tì í pé ṣé ọmọ àwọn Olùkọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjìlá, ọmọ òun. Ìṣẹ́jú kan, ọmọ àwọn Olùkọ́. Wọn kò ka àdúrà ìparí tó wà nínú ètò. Wọ́n gbé ìrẹsì ìyá rẹ lọ kó tó jẹ ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ Ajé, Alhaji Hámzàt wọlé. O mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ Alàgbà láti Kabala Doki, òun ni wọ́n fi ṣe ìwádìí ìdílé wa láti oṣù Kẹta. Ohun rere ni ìwádìí, bàbá mi náà ṣe é kí n tó fẹ́ ìyá rẹ: a óò béèrè bóyá àrùn kan wà nínú ẹbí, bóyá ìjà ilẹ̀, bóyá wọ́n ń lu ìyàwó. Alhaji ti parí ti wa tipẹ́, a sì yege. Àfi bó ṣe fa ìwé yọ nínú àpò tó ní ìwádìí tún ṣí. Ó ti wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kọ gbogbo ìwà rẹ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ kẹta o jí adìyẹ, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá jíjí adìyẹ wà nínú ìdílé wa. Mo ní rárá, jíjẹ rẹ̀ nìkan ló wà. Ó kọ ọ́. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún o purọ́ fún ìyá arúgbó kan pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ọ́, o sì jẹ iyán rẹ̀. Ìyá rẹ fèsì láti ilé ìdáná pé irọ́ kò dára, ṣùgbọ́n ebi ń pa ọmọ náà, ṣé Alhaji kò rí bó ṣe rù ni. Ó kọ ìyẹn náà. Mo ní haba, Alhaji, eré ni. Ó ní wallahi òun mọ̀ pé eré ni, ṣùgbọ́n kí n ro ó wò: wọ́n wá gbogbo Nàìjíríà kiri fún ẹni tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó lè já ènìyàn jù sílẹ̀, ọmọ tèmi ni wọ́n rí.

Ó wá jíṣẹ́ Alàgbà. Orí ìdúró ló ti jẹ́ ẹ. Ó ní Alàgbà ní òun kò kọ̀, òun kò sì gbà. Ìdána tí a fi sí oṣù Kejìlá yóò dúró de sáà kejì eré náà. Bí o bá padà lọ mú Yàkúbù, kí a gbé iṣu wa wá. Bí o kò bá padà, kí a jẹ iṣu wa. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi hukọ́. Alàgbà tí kì í dúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán, òun ló fẹ́ fi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ dúró de àwọn tó ń polówó èròjà ọbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo kọ̀wé sí ọ lórí fóònù pé kí o sọ fún mi bóyá o padà. Kò pẹ́ rárá tí o fi àmì ó-tọ̀nà sí i, méjì, aláwọ̀ búlúù. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi ti rí i pé ìbéèrè náà tọ̀nà, ìdáhùn ló kù. Mo dúró di ọjọ́ kejì. Mo tún un bi, o tún fi àmì méjì sí i. Tolúwaṣẹ, èmi ni olùkọ́, ìwọ kọ́ ló ń máàkì mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń máàkì ìbéèrè dípò kó dáhùn rẹ̀, òdo ni mo máa ń fún un.

Nígbà tí o wá pe ìyá rẹ, o ní o ti tọwọ́ bọ ìwé pé o kò ní sọ ìparí eré fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kó bi ọ́ bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyàfi òbí. O ní rárá. Èmi ti kún fọ́ọ̀mù lábẹ́ ìjọba ológun, àwọn náà kò burú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ bàbá. Tún ìwé náà wò dáadáa, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti ń kọ orúkọ ìbátan tó súnmọ́ni jùlọ. Ẹni tí wọn yóò sọ fún bí o bá kú, kí ló dé tí wọn kò lè sọ fún un bí o bá padà?

Ẹ̀fẹ̀ ni mo ti ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe, títí di Ọjọ́bọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ yà láti ilé-ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ó jókòó ti ìyá rẹ, wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà. O mọ̀ pé bí a bá sọ Yorùbá sí i, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Haúsá ló fi ń dá wa lóhùn. Lọ́jọ́ náà, Yorùbá ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tó ń bí bàbá òun nínú. Mo ní ìgbéraga ni. Ó ní rárá. Ní ọdún 2000 tí ìjà ẹ̀sìn mú kí ìlú yìí dàrú, tí gbogbo wa ń sá, Kabala Doki ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ àgbà lé èjìká, ó sáré ṣíwájú, ó rò pé ìyàwó òun ń tẹ̀lé òun pẹ̀lú ọmọ tó pọ̀n. Ó ti kọjá afárá kó tó wẹ̀yìn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yẹn ni Fẹ́yìsayọ̀. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kọ̀ láti padà, ó jókòó sílẹ̀ lójú títì. Alhaji Hámzàt ló lọ wá wọn rí, ó fi híjáàbù ìyàwó rẹ̀ bo ìyá àti ọmọ, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bi í pé àbúrò òun ni, ó sì mú wọn sọdá. Láti ìgbà náà, wọn kò sọ ọ́ nínú ilé wọn rí. Ọjọ́ Ìsinmi tí o tú ìka Yàkúbù, Alàgbà wọ yàrá rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí àlejò tú ká, kò jáde títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Fẹ́yìsayọ̀ ní òun kò bínú sí bàbá òun. Ó ní òun mọ̀ pé eré ni eré, òun kò bìkítà ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí Yàkúbù. Ṣùgbọ́n ó ní òun bi ọ́ lórí fóònù pé bí ó bá jẹ́ òun ló wà létí odò náà ńkọ́, o sì rẹ́rìn-ín, o ní o ti tọwọ́ bọ ìwé. Ìyá rẹ kò ṣa ẹ̀wà mọ́.

N kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe sí ìyẹn. Mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ fi Alàgbà ṣe yẹ̀yẹ́, mo wá rántí pé èmi náà sá lọ́dún yẹn. Àpótí ìwé-ẹ̀rí mi ni mo gbé. Ìyá rẹ ló gbé ọ. Kò tíì sọ ọ́ sí mi lójú rí.

Ní ti ilé, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi tún ọgbà ṣe, kí ewúrẹ́ má baà jẹ ìyókù ìgbésí ayé mi. Bá wa parí ìjà pẹ̀lú àpótí tẹlifíṣọ̀n náà, nítorí bí sáà kejì bá dé, n kò ní jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá rẹ ní kí o má gbàgbé òróró orúnkún. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o máa rí ẹni tí yóò wẹ̀yìn wò ọ́. Odò tó gbé ẹlòmíràn kò ní mọ orúkọ rẹ. Ohun tí o bá dì mú kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Awakọ̀ ni mo fi ìwé yìí rán, nítorí kò sí àmì búlúù lórí bébà. Fi Yàkúbù sílẹ̀, kí àwọn tó ni ín lọ wá a. Bí ó bá jẹ́ Fẹ́yìsayọ̀ ló wà létí odò náà, ṣé o máa padà?